Ọdún tí Bàbá Mi àti Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀ Ń Wá Písítìn

Nínú agboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, etí la fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́, kì í ṣe ojú. Yàrá á ṣì ṣókùnkùn nígbà tí wọ́n bá kírun àsùbá tán ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìnkùlé, tí ìgbálẹ̀ ìyá mi á bẹ̀rẹ̀ sí í ha ilẹ̀ àgbàlá, tí Ìyá Sùlé, ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi, á máa gbọn eérú kúrò nídìí ìkòkò. Lẹ́yìn ìyẹn ni ohùn tí gbogbo ilé ń dúró dè. Bàbá mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn. Wọ́n á jiyàn lórí òjò, bóyá yóò rọ̀ tàbí kò ní í rọ̀. Wọ́n á jiyàn lórí iyọ̀ inú ọbẹ̀ àná, lórí ẹni tó gbé àga kúrò níbi tó wà, lórí agboòrùn kan tí bàbá wọn fi sílẹ̀ tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wọlé sí. Bí ẹ bá jẹ́ àlejò, ẹ ó sáré jáde láti lọ pe aládùúgbò. Àwa ọmọ ilé mọ̀ pé wọ́n ń kí ara wọn káàárọ̀ ni. Mo ti dàgbà báyìí, mo ti gbé nínú ilé tó tura ju ìyẹn lọ, ilé tí ẹ ó ti gbọ́ bí aago ara ògiri ṣe ń rìn, síbẹ̀ títí di òní, bí mo bá jí tí gbogbo ibi pa lọ́lọ́, àyà mi á kọ́kọ́ já ná.

Ọkọ̀ ojú omi kan ni bàbá wọn fi sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì, ọkọ̀ onípákó gígùn tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé, tí ẹ́ńjìnnì kan wà ní ìdí rẹ̀. Ẹ̀bútẹ̀ Èrò ni wọ́n ti ń kó èrò àti ẹrù lọ sí Ìkòròdú, wọ́n á sì kó gààrí, ẹ̀fọ́ àti igi ìdáná bọ̀. Bàbá Sùlé ni ẹ̀gbọ́n, Ràṣídì ni orúkọ tí ìyá wọn ń pè é, òun ló sì máa ń po epo. Ẹ́ńjìnnì yẹn kì í mu bẹntiróò lásán bíi ti mọ́tò. Ọ́ìlì gbọ́dọ̀ wà nínú bẹntiróò náà, torí ọ́ìlì yẹn ni kò jẹ́ kí irin ha irin nínú rẹ̀. Bàbá mi, Gàníyù, ni àbúrò, òun ló ń wa ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n á po, àbúrò á wà, àwọn méjèèjì á sì jọ máa pariwo lé èrò lórí. Owó ọkọ̀ yẹn la fi ń jẹun, òun la fi ń ra aṣọ ọdún Iléyá, òun la fi ń lọ ilé ìwé.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, nígbà òjò, ẹ́ńjìnnì náà nọ́ọ̀kì láàárín ọ̀sà. Wọ́n ní ó ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù, ó sì dákẹ́. Ọkọ̀ apẹja kan ló fà wọ́n dé etí omi. Nígbà tí wọ́n wọlé ní ìrọ̀lẹ́, omi ṣì ń kán lára wọn, ọ̀rọ̀ sì ti le.

Bàbá mi ní, “Ẹ̀yin lẹ po epo. Ọ́ìlì inú rẹ̀ ò tó.”

Bàbá Sùlé ní, “Ìwọ lo ń sá eré bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé. Ṣé èmi ni mo ní kí o sáré?”

Títí tí àwọn méjèèjì fi kú, a ò mọ ẹni tó jẹ̀bi. Mo rò pé ẹ́ńjìnnì náà ti gbó ni.

Mẹkáníìkì tó máa ń tún un ṣe ni Jósẹ́fù, ọmọ Èkìtì kan tó ní ṣọ́ọ̀bù onípáànù nítòsí Ẹ̀bútẹ̀ Èrò. Ó ṣí orí ẹ́ńjìnnì náà, ó fi inú rẹ̀ hàn wọ́n. Ihò méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì, písítìn kọ̀ọ̀kan sì wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan, tó dà bí agolo mílíìkì kékeré tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, tó ń lọ sókè sódò. Písítìn ti òkè ti yọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì ti ha ara ihò rẹ̀. Bàbá Sùlé ní ọ̀rọ̀ ò le, písítìn kan ló bàjẹ́, kí wọ́n ra ẹyọ kan. Bàbá mi ní ihò tó ti ha kò ṣeé fi písítìn tuntun sí bẹ́ẹ̀, àfi kí wọ́n fẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kí wọ́n sì ra písítìn tó tóbi jù ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n jiyàn rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sí ẹni tó gbà fún ẹnì kejì. Ohun tí kálukú wá ṣe lẹ́yìn náà ló dá wàhálà sílẹ̀. Bàbá Sùlé lọ sí Apọ́ngbọ̀n ní tirẹ̀, ó ra písítìn tó ṣe déédéé pẹ̀lú ihò àtijọ́. Bàbá mi gbé irin tí ihò náà wà lára rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, ó ní kí wọ́n fẹ ihò náà, ó sì ra písítìn ńlá. Kò sẹ́ni tó sọ fún ẹnì kejì.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí àṣírí tú, torí èmi ni mo gbé oúnjẹ ọ̀sán bàbá mi lọ fún un ní ṣọ́ọ̀bù. Bàbá Sùlé dé, inú rẹ̀ ń dùn, ó yọ písítìn rẹ̀ nínú bébà, ó fún Jósẹ́fù. Jósẹ́fù wo ojú bàbá mi, ó wo ojú ẹ̀gbọ́n, ó fi písítìn náà sí ẹnu ihò, ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó gba inú ihò kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, ó bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ nísàlẹ̀ bí ìgbà tí ẹyin bá bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ adìẹ.

Bàbá Sùlé béèrè pé, “Ta ló fẹ ihò yìí?”

Bàbá mi dáhùn pé, “Èmi ni.”

“Láì sọ fún mi?”

“Ṣé ẹ sọ fún mi kí ẹ tó lọ ra tiyín?”

Bàbá mi wá na písítìn tirẹ̀ jáde. Ó wọlé, ó jókòó dáadáa. Ṣùgbọ́n Jósẹ́fù ń mi orí. Ó gbé e sọ́wọ́ kan, ó gbé písítìn àtijọ́ ti ihò ìsàlẹ̀ sọ́wọ́ kejì, ó ní, “Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Eléyìí wúwo ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Bí ẹ bá dì wọ́n pọ̀ báyìí, ọkọ̀ á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, lọ́jọ́ kan irin àárín á dá mọ́ yín lọ́wọ́ lórí omi. Ẹ jẹ́ ká fẹ ihò kejì náà, kí ẹ wá ra méjì tó jẹ́ ìbejì.” Nítorí náà àwọn méjèèjì ló pàdánù, kò sì sí èyí tó lè fi èkejì ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá Sùlé mú písítìn rẹ̀, ó sọ ọ́ sápò, ó jáde. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí ní àkókò yẹn. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí wọn yóò bá ara wọn sọ fún ìgbà pípẹ́ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ yẹn.

Ilé wa wá dákẹ́. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé aláǹgbá máa ń dún bí ó bá ń sáré lórí páànù. Ẹja tútù àti edé tó máa ń tẹ̀lé wọn bọ̀ láti òdìkejì ọ̀sà dáwọ́ dúró, ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi pọ̀nmọ́ gígé wẹ́wẹ́ tan ọbẹ̀ jẹ, ẹ̀wà sì di oúnjẹ àárọ̀ àti ti alẹ́. Èyí tó burú jù ni pé wọ́n sọ mí di aṣojú láàárín ara wọn. Àwọn méjèèjì á jókòó sórí ẹní kan náà, orúnkún wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara, bàbá mi á ní, “Sàfú, sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé òjò ti fẹ́ dé bá aṣọ rẹ̀ lórí okùn.” Bàbá Sùlé á wojú mi, á ní, “Sàfú, sọ fún bàbá rẹ pé mo ti rí òjò.” Èmi á wá dúró sáàárín, mi ò ní í mọ̀ bóyá kí n tún ọ̀rọ̀ náà sọ tàbí kí n dákẹ́. Nígbà tó yá, mo gbọ́ tí bàbá mi ń sọ fún ìyá mi pé òun ti rí yàrá méjì ní Mushin. Ìyá mi dìde. Ó fa àpótí rẹ̀ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu eruku orí rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń nu ojú ọmọ tó ń sunkún. Mo jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, mo ń rò ó bí mo ṣe máa sùn nílé tí Sùlé àti àwọn yòókù ò sí.

Màmá Àgbà, ìyá àwọn méjèèjì, kò bá wọn wí. Oníwúrà ni, yẹtí àti ẹ̀gbà wúrà ló ń tà láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge, ó tín-ín-rín, ó sì le bí irin. Ohun kan ṣoṣo tí mo gbọ́ tó sọ ni èyí tó sọ fún ìyá mi lójú ààrò: “Ilé tí ò bá ti sí ariwo mọ́, ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò, nǹkan kan ń kú lọ níbẹ̀.” Ó padà sí ìdí wúrà rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, obìnrin alágbàtà kan mú ìròyìn wá láti Ìkòròdú pé àbúrò Màmá Àgbà ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, teguntẹran sì ti dè é. Àbúrò náà ní òun fẹ́ rí ẹ̀gbọ́n òun.

Bàbá mi dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. “Màmá, màá wá mọ́tò tí á gbé yín lọ lọ́la.”

Màmá Àgbà ní, “Èébì ni mọ́tò máa ń fà fún mi.”

Bàbá Sùlé ní, “Ọkọ̀ àwọn ará òdìkejì ń lọ láàárọ̀ ọ̀la, màá bá wọn sọ̀rọ̀.”

“Èmi? Èmi tí ọkọ mi fi ọkọ̀ sílẹ̀ láyé, tí mo bí ọkùnrin méjì tì í, n ó wá máa wọ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ bí àgàn? Ọkọ̀ ọmọ mi ni n ó wọ̀. Bí kò bá sí, ẹ sọ fún àbúrò mi kó máa dúró dè mí.” Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. A gbọ́ bó ti ń sunkún níbẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́. Bàbá mi wo ilẹ̀. Bàbá Sùlé náà wo ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́ sí ẹnì kejì lọ́jọ́ náà.

Ní àárọ̀ kejì, àwọn méjèèjì gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ dé ọ̀dọ̀ Jósẹ́fù, wọ́n sì pàdé lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bàbá mi ló sọ èyí fún wa lẹ́yìn náà. Jósẹ́fù ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ ti pẹ́. Ìyá yín ti kúrò níbí. Ó ní kí n jẹ́ kí wọ́n fẹ ihò kejì náà, mo sì ti gbé e ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin. Ó béèrè ohun tí èèyàn ń wò bó bá fẹ́ ra písítìn, mo sọ ọ́ fún un. Ó ní kí ẹ̀yin méjèèjì tẹ̀lé òun lọ sí Apọ́ngbọ̀n lọ́la.”

Bẹ́ẹ̀ la ṣe lọ. Màmá Àgbà ló ṣíwájú, ìbòrùn funfun lórí rẹ̀, èmi ni mo tẹ̀lé e tí mo ru nǹkan kan tó dì sínú aṣọ, tó ní kí n má ṣe mì. Bàbá mi ń rìn lápá ọ̀tún títì, Bàbá Sùlé ń rìn lápá òsì. A gba ẹ̀yìn Ìga Ìdúngànrán, ààfin ọba, kọjá, àwọn èèyàn ń kí Màmá, wọ́n ń wo àwọn ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe jìnnà síra wọn, wọ́n ń wo ojú mi bí ẹni pé èmi ni mo máa là á yé wọn. Ṣọ́ọ̀bù tí a wọ̀ ní Apọ́ngbọ̀n, ti bàbá Ìjẹ̀bú kan ni, òkùnkùn ló wà nínú rẹ̀, ó ń rùn gírísì, páálí kún un láti ilẹ̀ dé àjà. Bàbá mi fi písítìn ńlá tó rà tẹ́lẹ̀ hàn án, nọ́ńbà wà lórí rẹ̀, ó ní irú sáìsì yìí làwọn ń fẹ́, ṣùgbọ́n méjì tó bára mu. Bàbá Ìjẹ̀bú kó páálí méjì wálẹ̀, ó tú wọn sórí tábìlì. Wọ́n tò lọ bẹẹrẹ, irin funfun, nọ́ńbà kan náà lórí gbogbo wọn. Lójú tèmi, wọn ò yàtọ̀ síra wọn.

Bàbá Sùlé mú méjì tó ń dán jù. Bàbá mi mú méjì tí kò dán.

Bàbá mi ní, “Sàfú, sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ohun tó ń dán kọ́ ni wúrà.”

Màmá Àgbà yíjú. “Ta ló ń sọ̀rọ̀ wúrà níbi tí mo wà?” Ó gba ẹrù orí mi, ó tú u. Òṣùwọ̀n wúrà rẹ̀ ni, èyí tó ní àwo idẹ méjì tó rọ̀ sórí ọ̀pá kan. Ó so ó kọ́ ìṣó tó wà lára pẹpẹ, ó ní, “Ẹ gbé e wá.”

Wọ́n gbé méjì tó ń dán sí i. Àwo kan lọ sílẹ̀ gbì. Bàbá mi fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Màmá ti na ọwọ́ fún tirẹ̀ náà. Ti bàbá mi rọra sọ̀ kalẹ̀ lápá kan, kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó sọ̀ kalẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń gbé e lé, wọ́n ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bàbá Sùlé ń fi èékánná tọ́ ojú ibi tí ríìngì máa ń jókòó sí yíká ara písítìn, ó rí ọ̀kan tó sán nínú èyí tí bàbá mi yàn, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bàbá mi gbé ọ̀kan nínú èyí tí ẹ̀gbọ́n yàn síbi ìmọ́lẹ̀, ó wo ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n máa ń ki irin gba inú rẹ̀, ó rí i pé kò gún, òun náà tì í. Wọ́n ti tẹ̀ síwájú, orí wọn ti fẹ́ kan ara lórí tábìlì, òógùn ń bọ́ lára àwọn méjèèjì. Nígbà tó yá, Bàbá Sùlé mú ọ̀kan nínú páálí òsì, bàbá mi mú ọ̀kan nínú páálí ọ̀tún, wọ́n gbé e lé. Àwo méjèèjì fì sókè sódò díẹ̀, wọ́n sì dúró. Màmá Àgbà tẹjú mọ́ ọ̀pá òṣùwọ̀n náà bí ẹni tó fẹ́ ra wúrà lọ́wọ́ olè.

Ó ní, “Àwọn nìyí.”

Bàbá Ìjẹ̀bú pàtẹ́wọ́. “Ìyá, ó ti pẹ́ tí mo ti ń ta písítìn, mi ò rí i kí ẹnikẹ́ni fi òṣùwọ̀n wúrà wọ̀n ọ́n rí!”

Mo rò pé wọ́n á dì mọ́ ara wọn. Ọmọdé ni mí, bí mo ṣe rò ó nìyẹn. Wọn ò ṣe nǹkan kan. Bàbá mi gba ọ̀tún títì padà sílé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba òsì. Mo sunkún díẹ̀ lẹ́yìn Màmá, ó gbọ́, kò yíjú, ó kàn na ọwọ́ sẹ́yìn, mo dì í mú.

Jósẹ́fù di ẹ́ńjìnnì náà. Ó fi ìka fún ríìngì pọ̀ yíká písítìn kọ̀ọ̀kan, ó ta ọ́ìlì sí i lára, ó tì í wọnú ihò rẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ sùn. Ó wá kìlọ̀ fún wọn pé ẹ́ńjìnnì tí písítìn rẹ̀ jẹ́ tuntun kò gbọdọ̀ sáré ní ìrìn àkọ́kọ́, kí ọ́ìlì inú epo sì pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Lọ́jọ́ tí a ń lọ sí Ìkòròdú, Màmá Àgbà jókòó sí àárín ọkọ̀ pẹ̀lú agbọ̀n ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti aṣọ fún àbúrò rẹ̀, èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá Sùlé ń po epo. Bàbá mi ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́ ojú. Ẹ̀gbọ́n da ọ́ìlì, ó dúró, ó tún da díẹ̀ sí i. Bàbá mi la ẹnu, ó tún pa á dé. Ó fa okùn ẹ́ńjìnnì, ó tún un fà, ó jí, èéfín búlúù bò wá mọ́lẹ̀, Màmá ń húkọ́, ó ń rẹ́rìn-ín.

A gba abẹ́ afárá kọjá, ọ̀sà là sílẹ̀ níwájú wa, ó tẹ́jú, oòrùn ń tàn lórí rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì náà ń kọrin bíi pé òun fúnra rẹ̀ gbádùn. Kò gbọ̀n rárá. Mo rí i lójú bàbá mi pé inú rẹ̀ dùn ju bó ṣe yẹ lọ, ọwọ́ rẹ̀ sì ń yí lára ẹ́ńjìnnì náà, ohùn rẹ̀ ń ga, imú ọkọ̀ ń gbéra sókè.

“Gàníyù! Rọra! Ṣé o tún fẹ́ pa á lẹ́ẹ̀kejì ni?”

Bàbá Sùlé ló pariwo bẹ́ẹ̀. Kò sọ pé “Sàfú, sọ fún un.” Ó pe orúkọ àbúrò rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn tó sọ ọ́ tán, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ bọ́ mọ́ lẹ́nu. Bàbá mi dín eré kù. Ó ń wo omi níwájú. Ó wá ní, “Ẹ̀yin náà, gbogbo èéfín yìí ńkọ́? Ṣé ẹ̀fọn lẹ fẹ́ fi ọ́ìlì lé lórí ọ̀sà ni?”

“Ọ́ìlì kéré, o pariwo! Ọ́ìlì pọ̀, o tún ń pariwo! Èwo gan-an lo fẹ́?”

“Ẹ jẹ́ kí n wa ọkọ̀ mi!”

“Ọkọ̀ ta ni?”

Ó parí. Gbogbo ohun tí wọ́n ti kó jọ sínú láti ìgbà òjò tú jáde lórí omi: ihò tí wọ́n fẹ̀, písítìn tí wọ́n rà ní kọ̀rọ̀, aṣọ tí òjò pa lórí okùn, àga, agboòrùn bàbá wọn, àti yàrá méjì ní Mushin, tí Bàbá Sùlé ti gbọ́ nípa rẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ìyẹn ló dùn ún jù. “O fẹ́ kó lọ, o ò sì sọ fún mi! Kí n jí láàárọ̀, kí n máa bá ògiri sọ̀rọ̀?” Bàbá mi ní, “Ta ló ní mo ń kó lọ? Ṣé ẹ rí ẹrù lórí mi ni?” Ẹlòmíràn ló kó lọ sí yàrá Mushin náà, ìyá mi sì ti àpótí rẹ̀ padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ́ńjìnnì yẹn gbé wa fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn, kí afárá tuntun àti mọ́tò tó gba èrò lọ́wọ́ ọkọ̀ ojú omi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, mi ò mọ ìkankan nínú ìyẹn. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo di aṣọ Màmá Àgbà mú, mo ní, “Màmá, ẹ bá wọn dá sí i.”

Ó ní, “Èmi? Ṣé orí mi dàrú ni?” Ó fa ìbòrùn rẹ̀ bo ojú, ó fẹ̀yìn ti agbọ̀n ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì sùn lọ.

Nígbà tí a fi máa dé Ìkòròdú, wọn ò tíì sinmi. Àbúrò Màmá Àgbà ti ní kí wọ́n gbé òun jókòó sórí àpótí létí omi, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà síwájú nínú ọ̀párun tí teguntẹran fi dè é. Ó gbé ọwọ́ lé iwájú orí láti wò wá.

Ó kígbe pé, “Ẹ̀gbọ́n mi! Mo ti ń gbọ́ ohùn wọn kí n tó gbọ́ ti ẹ́ńjìnnì. Kí ló ṣe wọ́n tí wọ́n ń pariwo báyìí?”

Màmá Àgbà di èjìká mi mú, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú omi tó dé kókósẹ̀, ó rọra ń lọ bá a.

Ó dá a lóhùn pé, “Kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n. Ara wọn ló yá.”